Zélie àbí Sélì? Bí a ṣe ń pe orúkọ tí a kò gbọ́ rí nínú ìwé ìtàn

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọmọ márùn-ún jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Àgbádárìgì, ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń kà. Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ, tó jáde ní 2018, ni ìwé náà. Bí ẹnì kan bá ka ojú ewé kan tán, á na ìwé sí ẹni tó kàn. Ọmọkùnrin Ògù kan, ẹ̀yà tí Yorùbá ń pè ní Ègùn, ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi orúkọ akọni obìnrin inú ìtàn náà, ó pè é ní "Zélì," ó sì ń bá ìwé rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ ní "Sélì." Ẹni kẹta já ìwé gbà, ó ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa, "Sílàì" ló wà níbẹ̀. Kí n tó bọ́ síta láti ilé ìdáná, wọ́n ti dìde dúró. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá wa dá a. Ta ló pè é dáadáa?"

Mo fẹ́ dáhùn wéré, ni mo bá rí i pé ọmọbìnrin tó ní "Sélì" ti dákẹ́, ó ń fi èékánná ha etí ẹní. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ kan ní kó kàwé sókè níwájú kíláàsì, ó pe Hermione, ọmọbìnrin inú ìtàn Harry Potter, ní "Hẹ́míónì," olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì bá a rín in. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ní kó kàwé sókè, á ní ọ̀fun ń dun òun. Ìyá rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ mi ò mọ̀wé kà ni?"

Ọmọ náà mọ̀wé kà dáadáa. Ohun tó ṣe é ń ṣe àgbàlagbà, ó ń ṣe òyìnbó, ó sì ní àlàyé.

Irú orúkọ wo là ń sọ gan-an?

Ìtàn abàmì ni mo ń pe ìtàn àròsọ tí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé tiwa ti ń ṣẹlẹ̀: igi ń sọ̀rọ̀, ènìyàn ń fò, ìlú ńlá wà tí kò sí lórí máàpù kankan. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní fántásì. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti 1938 ni D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, iwin inú rẹ̀ ò lóǹkà.

Ẹni tó bá dá ayé tuntun sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ àwọn ará ibẹ̀ lórúkọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà. Ó lè mú orúkọ láti inú èdè tí àwọn èèyàn ń sọ lóòótọ́. Ó lè jókòó dá èdè tuntun sílẹ̀, kó wá fa orúkọ yọ nínú rẹ̀. Ó sì lè kàn to lẹ́tà pọ̀ nítorí pé ìró rẹ̀ dùn létí rẹ̀. Lójú ìwé, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Àmọ́ ọ̀nà tí orúkọ gbà wá ló máa sọ bóyá ó ní pípè tó tọ̀nà tàbí kò ní, ibẹ̀ sì ni ìjà àwọn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó ń kàwé?

Bí o bá wọ ọjà Agbalata, tí o rí àbúrò ìyá rẹ nídìí igbá tòmátò, o ò ní wo imú, kí o wo ojú, kí o wo etí, kí o tó mọ̀ pé òun ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà lo dá a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ojú wa ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lára.

Àmọ́ bí wọ́n bá rán ọ lọ sílé tí o ò dé rí, ńṣe lo máa tẹ̀ lé àpèjúwe: yà sọ́tùn-ún níbi ẹ̀rọ omi, ka ilé mẹ́ta, bi aránṣọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ tuntun ń dá wa padà sí ọ̀nà kejì yìí tipátipá. A ní láti mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ká fún un ní ìró, ká wá so àwọn ìró náà pọ̀. Ó ń falẹ̀, ó sì ń tini lójú bí ẹlòmíràn bá ń gbọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà fi ń fò ó. Wọ́n á fi ojú mú lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà àti bó ṣe gùn tó, wọ́n á sì bá ìtàn lọ. Ènìyàn lè ka 600 ojú ewé láì pe orúkọ akọni rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí di ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bi í pé, "Ta lo fẹ́ràn jù nínú ìwé yẹn?" tí ẹnu rẹ̀ á wọ́. Ọmọ tó ń kàwé sókè kò ní ibi tó lè sá sí. Ó gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan, ní ojú ẹsẹ̀, níwájú ènìyàn.

Kí ló dé tí ẹnu wa fi ń yí orúkọ padà?

Gbogbo èdè ló ní òfin ìró tirẹ̀, ọmọ sì ti mu òfin náà mọ́ ọmú kó tó mọ lẹ́tà kankan. Ti Yorùbá ò ṣòro láti sọ. A kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra. Gb tí ẹ ń rí yẹn, ìró kan ṣoṣo ni. Fáwẹ̀lì ló ń parí sílébù wa, àfi ibi tí n tàbí m bá ti dá dúró. A ò ní v, a ò ní z. Nítorí náà, bí orúkọ àjèjì bá dé, ẹnu wa á ki fáwẹ̀lì bọ àárín kọ́ńsónáǹtì tó lẹ̀ mọ́ra, á fi fáwẹ̀lì mìíràn parí rẹ̀, á sọ v di f, á sọ z di s.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Ẹ ṣí Bíbélì: Dáfídì, Éfà, Síónì, Nebukadinésárì. Àjàyí Crowther, tó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì wa yìí ní 1845, ó sì lò ju ọdún kan lọ níbí kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún un. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ń tú Bíbélì náà díẹ̀díẹ̀, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Iwájú wọn ni àwọn orúkọ tí ẹnu Yorùbá kò pè rí wà, ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún, wọ́n sì ní láti pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ṣe dún. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ṣì dúró létí ọ̀sà níbí. Bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ pe Nebukadinésárì sókè, tó tún un pè, tó tún un pè, títí tó fi rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, bí bàbá àgbà bá pe Dáfídì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó máa ní bàbá ò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ẹní. Ọmọbìnrin tó sọ z di s, ohun tí àwọn tó sọ Zion di Síónì ṣe gan-an ló ṣe. Ọmọkùnrin tó ń fi z pè é kò gbọ́n jù ú lọ. Z àti v wà nínú èdè Ògù tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí láàárọ̀. Ẹ wo eégún tó ń ṣọ́ ìlú wa lóru. Àwọn tó ni ín ń pè é ní Zangbeto, torí pé zan ni wọ́n ń pe òru. Àwọn Yorùbá àárín wa, s ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, eégún náà sì ń jáde bákan náà. Ẹni kẹta, tó ní "Sílàì," ti rántí pé òyìnbó ń kọ lie, wọ́n ń kọ die, wọ́n ń kọ pie, "àì" sì ni wọ́n ń pe ìparí gbogbo wọn. Òun náà kò méfò. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ló lò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá ọmọ náà gbọ́ nìyẹn: ọmọ mẹ́ta, òfin mẹ́ta, kò sí òpè kankan láàárín wọn.

Ṣé orúkọ náà ní olówó rẹ̀?

Síbẹ̀, ẹnì kan ṣì sún mọ́ ọn ju ẹnì kan lọ, nítorí Zélie kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kàn hun. Àwọn Faransé ti ń sọ ọmọbìnrin wọn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú èdè wọn, é dún bí e inú "ewé" tiwa, ie ìparí sì dún bí i. Àwa tí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wà nítòsí wa, tí à ń gbọ́ Faransé lẹ́nu oníṣòwò lójoojúmọ́, kò yẹ kó ṣòro fún wa. "Zélì" ni. Ẹni tí kò ní z á ní "Sélì," ìyẹn náà sì dára. "Sílàì" ló gbọ́dọ̀ sinmi.

Lórí irú orúkọ yìí, mi ò gba gbẹ̀rẹ́. Bí orúkọ bá wá láti inú èdè alààyè, àwọn tó ń sọ èdè náà ni ká bi. Ṣé a ò mọ bó ṣe ń dunni tí wọ́n bá ṣe é sí tiwa? Àgbádárìgì lórúkọ ìlú yìí lẹ́nu Yorùbá. Àwọn òyìnbó tí kò ní gb kọ ọ́ sí Badagry, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí sì ń kà á bẹ́ẹ̀ lójú pátákó.

Ẹ tún wo Fágúnwà. Àkàrà-ògùn ni ọdẹ tó ń sọ ìtàn inú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, kí o fún ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kó kà á. Ogun wo ló máa pè? Ogun tí à ń jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, Ògún tí alágbẹ̀dẹ ń bọ, odò Ògùn, àbí oògùn? Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní. Àwa mọ̀ pé ti oògùn ni, torí pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé ọdẹ olóògùn ni bàbá òun. Olóhùn-iyọ̀ náà, bí o bá ti mọ̀ pé ohùn rẹ̀ dùn bí iyọ̀, ohùn orúkọ náà ti dé ẹnu rẹ láì béèrè. Nínú ìtàn abàmì tiwa, ìtumọ̀ ló ń kọ́ni ní pípè. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò ní ìrànlọ́wọ́ yìí. Lẹ́tà lásán ló ń rí.

Ṣé àmì orí lẹ́tà yẹn jẹ́ àmì ohùn?

Ibi tó ń da àwọn ọmọ Yorùbá láàmú jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ díẹ̀.

Láti kékeré la ti kọ́ wa pé àmì tó kọjú sókè bí ti á jẹ́ mí, ká gbé ohùn sókè. Àmì tó kọjú sísàlẹ̀ bí ti à jẹ́ dò, ká rẹ ohùn sílẹ̀. Òfin tiwa ni. Àmì kan náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nílé oníkálukú. Nínú Faransé, àmì orí é ń sọ irú fáwẹ̀lì tó jẹ́, kò ní ohun tó ń ṣe pẹ̀lú kí ohùn lọ sókè. Ó dà bí pupa tí a fi ṣe àmì: lórí iná ojú pópó, dúró ló ń wí, lára ata lọ́jà, ó ti pọ́n ló ń wí.

J. R. R. Tolkien ní tirẹ̀ tún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Oxford, èdè àtijọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń dá èdè sílẹ̀ kó tó kọ ìtàn tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa sọ ọ́. Nígbà tí The Lord of the Rings jáde ní apá mẹ́ta láàárín 1954 sí 1955, ó fi àlàyé bí a ṣe ń pe àwọn orúkọ náà sí ẹ̀yìn apá kẹta. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí i débẹ̀. Ó ní kí a máa pe c bíi k nígbà gbogbo, kódà bí e bá tẹ̀ lé e, nítorí náà Celeborn bẹ̀rẹ̀ bíi "Ké," kì í ṣe "Sé." Àmì orí ú nínú Lúthien ń sọ pé kí fáwẹ̀lì náà gùn. Kò sọ pé kí ohùn lọ sókè. Tóótòó méjì orí ë nínú Manwë ń sọ fún òyìnbó pé kó má gbé e mì: sílébù méjì ni, Man àti we.

Ẹ wo ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀. Òyìnbó nílò tóótòó méjì kó tó rántí pe e ìparí, torí pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, e ìparí sábà máa ń dákẹ́. Ọmọ Yorùbá ò nílò rẹ̀. Àwa kì í fi lẹ́tà sílẹ̀. Sauron, ọ̀tá ńlá inú ìtàn náà, ńkọ́? Tolkien ní a àti u rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún pọ̀ bí ìparí how lẹ́nu òyìnbó. Ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí Gẹ̀ẹ́sì á sọ "Sọ́rọ̀n"; ọmọ tó ń kà á bíi Yorùbá, tó ní "Sáúrọ́nù," ló sún mọ́ ohun tí ọkùnrin náà fẹ́. Ìgbà tí mo sọ èyí fún àwọn ọmọ mi lórí ẹní, ọmọbìnrin yẹn gbójú sókè.

Wọ́n tún bi mí nípa orílẹ̀-èdè inú ìwé Adeyemi, èyí tó kọ sí Orïsha, pé ohùn wo ni tóótòó méjì orí i yẹn. Kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ìkọ̀wé Yorùbá. Mo ní kí wọ́n pè é bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òrìṣà lẹ́nu àwọn òbí wọn.

Bí fíìmù bá wá pè é lọ́nà mìíràn ńkọ́?

Hermione tó fa ẹ̀rín yẹn, orúkọ Gíríìkì àtijọ́ ni. Ìwé àkọ́kọ́ tó ti fara hàn jáde ní 1997. Nínú ìwé kẹrin, ní 2000, J. K. Rowling tó kọ Harry Potter jẹ́ kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ máa kọ́ Viktor Krum, ọmọkùnrin kan tó wá láti ilẹ̀ mìíràn, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ òun: sílébù mẹ́rin, tó súnmọ́ "Hẹ-máì-ó-nì." Òǹkàwé ló ń kọ́ pẹ̀lú Krum. Ìyẹn ni pé lóko òyìnbó pàápàá, orúkọ yìí kò rọrùn lẹ́nu gbogbo ọmọ. Fíìmù àkọ́kọ́ dé ní 2001, láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ti wò ó ti ń rò pé ó ti yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ?

Fíìmù kì í sì í fìgbà gbogbo bá òǹkọ̀wé lọ. Ní 2015, Rowling fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé t ìparí Voldemort, orúkọ ọ̀tá Harry Potter, kò yẹ kó dún. Nínú fíìmù, ó ń dún ketekete. Àwọn tó wo fíìmù pọ̀, ohun tí etí wọn gbọ́ sì ni ẹnu wọn ń sọ.

Orúkọ tí kò sí òfin kankan fún

Ó ku irú kẹta, èyí tí òǹkọ̀wé kàn hun, tí kò sọ bó ṣe dún. Àwọn kan á fi àmì kékeré sáàárín lẹ́tà bí ti T'Challa, ọba inú fíìmù Black Panther. Nínú ìkọ̀wé tiwa, irú àmì bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé ìró kan ti jẹ. Nínú irú orúkọ yìí, bóyá kí ènìyàn sinmi díẹ̀ níbẹ̀, bóyá ẹwà lásán. Àwọn mìíràn á fi X bẹ̀rẹ̀. X ò ní ilé kan pàtó: àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà ń fi ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ta á bí ẹni tó ń lé ẹṣin, àwọn Ògù lápá Benin tó ń kọ Xogbonu, tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, ìró rẹ̀ sún mọ́ h tiwa, débi pé H làwọn mìíràn fi ń kọ ọ́.

Ní irú ibẹ̀, ohun tí mo ń ní kí àwọn ọmọ ṣe kò pọ̀. Wo ẹ̀yìn ìwé bóyá àlàyé wà. Bí ohùn òǹkọ̀wé bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tó ti ń ka ìwé rẹ̀, gbọ́ ọ. Bí kò bá sí, mú pẹ́ńsù, kọ orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé bí ẹni ń kọ Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí o sì máa pè é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó ń da ìtàn rú ni kí ènìyàn kan jẹ́ orúkọ méjì lẹ́nu ẹni kan náà. Bí tìrẹ bá yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ, kò séwu. Ẹ jọ mọ ẹni tí ẹ ń sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kan Tzain, ẹ̀gbọ́n Zélie. Ọmọkùnrin Ògù ní "Zénì." Ẹni tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ní t ò yẹ kó dákẹ́, "Tizáínì" ni. Ìwé wá kan ọmọbìnrin náà. Ó dúró. Ó fa pẹ́ńsù tó fi sẹ́yìn etí rẹ̀ yọ, ó kọ "Séènì" wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé, ó wò ó, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí e kejì. Ó wá gbé ìwé sókè, ó sì kà á já, ojú ewé mẹ́rin gbáko, kó tó rántí pé ó yẹ kóun na ìwé sí ẹni tó kàn.